Fọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Fi Ìgbàgbọ́ Kọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ilé ṣe ń gbóná kí oòrùn tó mú, ẹ gbé fọ́ọ̀mù síwájú Yorùbá onígbàgbọ́, kí ẹ ní kó kọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ò lè ṣe sínú rẹ̀. Ẹ wá lọ jókòó síbì kan kí ẹ máa wòran.

Aago méje òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, nínú ilé oníyàrá méjì kan ní Coal Camp, nílùú Ẹ̀núgù. Adédọ̀tun jókòó sórí àga, fọ́ọ̀mù wà lórí itan rẹ̀, bíró wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Màmá Florence, jókòó tì í. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni Màmá. Kò kàwé púpọ̀, àmọ́ kò sí ìwé tí wọ́n máa kọ nínú ilé yẹn tí kò ní bá wọn dá sí i.

Ogójì ìbéèrè ló wà nínú fọ́ọ̀mù ọ̀hún, Bẹ́ẹ̀ ni tàbí Rárá sì ni ìdáhùn gbogbo wọn. Nkolika, ìyàwó Adédọ̀tun, ló gbà á wá ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn láti Maryland, àdúgbò kan nílùú náà, níbi tí obìnrin kan tó ń yẹ àwọn ọmọ tó ń pẹ́ kọ́ nǹkan wò ti máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́rin gbáko ni Nkolika fi wá obìnrin yìí kó tó rí i. Àdúgbò tí èèyàn ti lè pàdé wòlíì márùn-ún kó tó dé ìdí omi ẹ̀rọ, ẹni tó máa wo ọmọ sùn-ùn kó sì sọ ohun tó ń ṣe é, oṣù mẹ́rin ni kí wọ́n fi wá a! Nkolika ń ta bọ́tìnì àti síìpù ní ọjà Ogbete, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí ọkọ òun kọ fọ́ọ̀mù náà. Ó ṣe tán, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn ń jẹ́ Ẹwàolúwa. Ọmọ ọdún méje ni, ọdún kejì rẹ̀ sì nìyí ní kíláàsì kìíní. Bí ẹ bá ní kó ka oókan, eéjì, á kà á dé ẹẹ́ta, á wá bú sẹ́rìn-ín, ó parí nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Wọ́n ní kí àwọn òbí rẹ̀ mú ìwé àyẹ̀wò wá lọ́la, ọjọ́ Ẹtì, kí tíṣà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbà á. Bí kò bá sí ìwé, kí wọ́n wá mú ọmọ wọn lọ. Wọ́n fi "ẹ jọ̀wọ́" bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, wọ́n fi "Ọlọ́run á bùkún yín" parí rẹ̀. Èèyàn tó bá fẹ́ lé ọmọ ọlọ́mọ jáde, kí ló dé tí kò lè lé e kó fi Ọlọ́run sílẹ̀ níbẹ̀?

"Ìbéèrè kìíní," ni Adédọ̀tun wí. "Ṣé ọmọ náà lè wọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀?"

"Kọ Bẹ́ẹ̀ ni."

"Màmá, mi ò tíì rí i kó wọ aṣọ fúnra rẹ̀ rí o."

"Ṣé ojú la fi ń rìn ni, àbí ìgbàgbọ́?" Màmá gbá gèlè rẹ̀ mọ́rí. "Dọ̀tun, ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ. O fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ kọ Rárá lé ọmọ rẹ lórí, kí ọ̀tá wá buwọ́ lù ú nísàlẹ̀?"

Adédọ̀tun rò ó díẹ̀. Ó fàmì sí Bẹ́ẹ̀ ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìkejì, Bẹ́ẹ̀ ni. Ìkẹta, Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó lè fi ṣíbí jẹun láìda oúnjẹ sílẹ̀? Lágbára Ọlọ́run. Ṣé ó lè kà dé ogún? Kí ló dé tí kò ní lè kà á, ṣé orí ẹran ló wà lọ́rùn rẹ̀ ni? Nígbà tí wọ́n dé ìbéèrè kọkànlélọ́gbọ̀n, èyí tó ń bèèrè bóyá ọmọ náà lè gbọ́ ìròyìn lórí rédíò kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bíró Adédọ̀tun dúró. Òun alára kì í gbọ́ ìròyìn.

"Ìgbàgbọ́," ni Màmá rán an létí.

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó parí gbogbo rẹ̀, ó rí àyè kékeré kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ní kí òbí kọ ohunkóhun tó bá ní lọ́kàn sí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé kọ ọ́ síbẹ̀ pé orí ni ọmọ yìí yóò jẹ́, kì í ṣe ìrù. Ó ka fọ́ọ̀mù náà látòkè délẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí i.

Ibẹ̀ ni Nkolika ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó gbé àwo àkàrà àti ife ògì lọ́wọ́.

"Ta ló ni àkàrà yẹn?" ni Màmá bèèrè.

"Ti Ẹwà ni, mà."

"Lónìí? Ọjọ́ tí gbogbo ilé ń gbààwẹ̀ nítorí tiẹ̀?"

"Màmá, ẹ̀yin ń gbààwẹ̀, Bàbá Ẹwà ń gbààwẹ̀, èmi náà ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ẹni tó ń lọ dáhùn ìbéèrè ló fẹ́ jẹun yìí."

"Ẹ́sítérì ò jẹ, kò mu, kó tó wọlé tọ ọba lọ."

"Ẹ́sítérì kì í ṣe ọmọ ọdún méje, mà. Wọ́n sì ti gbé e níyàwó."

"Dọ̀tun, ṣé ò ń gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ń sọ nípa Bíbélì?"

Adédọ̀tun ò gbọ́ nǹkan kan. Àkàrà náà gbóná, òórùn rẹ̀ sì ti gba inú ilé kan. Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ Ẹ́sítérì mọ́ra wọn lọ́wọ́, Ẹwà ti rọra yọ sídìí àwo, ó ti jẹ mẹ́ta, ó fi ìkẹrin sínú àpò aṣọ rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ tó kún fún epo di aṣọ Màmá mú.

"Ó dáa," ni Màmá wí, ó ń nu ọwọ́ náà. "Ó ti jẹ ẹ́ ná. Ọlọ́run mọ̀ pé ọmọdé ni."

Nígbà tí wọ́n jáde, Josephine, aládùúgbò wọn, ti wà níwájú ọgbà, ó ń di irun fún oníbàárà kan lábẹ́ agbòòrùn. Kò sí ẹni tó lè gba iwájú Josephine kọjá kó má jíhìn. Ó fi Píjìn bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń gbé ọmọ lọ lọ́jọ́ ilé-ìwé. Nkolika sọ fún un.

"Test?" Josephine fi òòyà há irun oníbàárà. "Abeg, no carry am go anywhere o! Kò sí nǹkan tó ń ṣe ọmọ yẹn. Èdè ló pọ̀ jù fún un. Bàbá ń sọ Yorùbá, ìyá ń sọ Igbo, tíṣà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwa náà ń sọ Píjìn sí i. Ṣé kí orí ọmọ má dàrú ni?"

Oníbàárà tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn rí, náà dá sí i. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn gbé e lọ sí abúlé fún ọdún kan ni, nígbà tó máa fi padà, ẹnu rẹ̀ ti dá ṣáṣá. Josephine ní òótọ́ ni. Ó ní tàbí kí wọ́n gbìyànjú kí wọ́n máa nà án díẹ̀díẹ̀.

Nkolika ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló máa ń ráyè sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé e. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó yára ẹsẹ̀. Màmá ló yí padà.

"Josephine," ni Màmá wí, "oníbàárà rẹ yìí, apá kan irun rẹ̀ gùn ju apá kejì lọ. Ṣé èdè ló pọ̀ jù fún ìwọ náà ni?"

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ márúwá. Obìnrin méjèèjì jókòó sẹ́yìn, Ẹwà wà lórí ẹsẹ̀ Màmá, Adédọ̀tun há sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ níwájú. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá Ogbete, èrò dí ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ ò lè lọ síwájú mọ́. Obìnrin tó ń ta ọkpa, mọ́ín-mọ́ín àwọn Igbo, wá ń kọjá pẹ̀lú igbá lórí, ó ń kígbe pé ó ṣì gbóná: "Ọkpa di ọkụ!" Inú Adédọ̀tun dá a lóhùn, awakọ̀ sì wo ojú rẹ̀.

"Daddy, ọkpa!" ni Ẹwà wí, ó dún ketekete.

"Ẹ gbọ́ ọ o!" Màmá pàtẹ́wọ́. "Ta ló ní ọmọ yìí ò lè sọ̀rọ̀? Ẹ rà á fún un, ẹ rà á kíá."

Adédọ̀tun rà á. Ó ní ó gbóná jù fún ọmọdé, pé òun á tú ewé rẹ̀, òun á fẹ́ ẹ. Ó kọjú síwájú, ó ń fẹ́ ẹ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó nà án sẹ́yìn.

"Dọ̀tun," ni Màmá wí, kò tiẹ̀ gbé orí sókè, "ṣé o ti ṣínu ni?"

"Rárá o, mà. Mo kàn ń wò ó bóyá ó ṣì gbóná ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta?"

Nkolika wo ojú títì. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín lójú ààwẹ̀ ẹlòmíràn, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ilé kékeré kan ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò náà ní Maryland, iwájú rẹ̀ ní òdòdó, inú rẹ̀ ní bẹ́ǹṣì. Obìnrin tó ń ṣe é ń jẹ́ Chinonso, kò tíì lè pé ogójì ọdún. Ó rí i pé wọ́n wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Ẹwà kó tó kí àwọn àgbà. Màmá sọ fún ọmọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ọmọdé lèyí. Ó ń yẹ ọmọ ẹlòmíràn wò, ta ló yẹ òun wò?"

Ó gba fọ́ọ̀mù, ó gbé e sílẹ̀ láìkà á, ó mú Ẹwà wọ yàrá kejì. Fèrèsé gíláàsì ló wà láàárín yàrá méjèèjì, àwọn ará ilé sì lè rí wọn láti orí bẹ́ǹṣì. Chinonso to àwọn igi kéékèèké onígun mẹ́rin sórí tábìlì, ó ní kí Ẹwà kà wọ́n. Mẹ́rin ni.

Ẹ gbà mí o. Màmá dìde. Màmá tí eékún ń dùn láti ọjọ́ Àìkú, ó dìde bí ọmọdé, ó dúró sẹ́yìn Chinonso níbi tí Ẹwà ti lè rí i nínú gíláàsì, ó na ìka mẹ́rin sókè. Ẹwà rí i. Inú rẹ̀ dùn, ó juwọ́ sí Màmá. Màmá tún na ìka mẹ́rin, ó fẹ ojú, ó ń fi ẹnu ṣe "fọ́ọ̀, fọ́ọ̀." Chinonso bojú wẹ̀yìn, Màmá sì ń fi ìka mẹ́rin náà họ orí. Wọ́n fa kọ́tìnì.

"Màmá," ni Nkolika wí, "ìdánwò kọ́ lèyí o. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kó yege."

"Ìdánwò wo ni wọn kì í fẹ́ kí ọmọ yege nínú rẹ̀?"

Adédọ̀tun ní ìbéèrè tó lọ́gbọ́n nínú nìyẹn.

Wákàtí kan lé díẹ̀ kọjá. Chinonso jáde, ó fi Ẹwà sílẹ̀ nínú yàrá pẹ̀lú igi rẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka fọ́ọ̀mù. Ó ka ojú ìwé kìíní. Ó ka ìkejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni," Adédọ̀tun na ọrùn.

"Ọ̀gá, ogójì nínú ogójì ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò rí ọmọ tó gba ogójì rí. Èmi gan-an, ìkọkànlélọ́gbọ̀n yìí, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo lè ṣe é."

"Ògo ni fún Ọlọ́run," ni Adédọ̀tun wí.

Chinonso ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbé aṣọ ọmọlangidi fún Ẹwà kó fi bọ́tìnì dé e, Ẹwà dá a padà fún òun, ó ní, "You do." Ó ní ó ka igi mẹ́rin dé ẹẹ́ta. Ó ní àmọ́ ọmọ náà ń gbọ́ràn, ojú rẹ̀ là, ohun tó lè kọ́ sì pọ̀, bí ẹni tó mọ ọ̀nà bá ń kọ́ ọ. Ohun tí òun fojú rí àti ohun tí ilé sọ ni òun máa pa pọ̀ tí á fi di ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ ń bèèrè. Ilé wá ní kò sí nǹkan kan.

"Bí mo bá fi èyí ránṣẹ́, wọ́n á ní ọ̀lẹ ọmọ ni, wọ́n á sì lé e. Aago mẹ́rin ni mo ń kúrò ní Ẹ̀núgù. Ó tún di oṣù mẹ́ta."

Nkolika rọra yí sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ẹwà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ìwé yìí fi wà lọ́wọ́ rẹ."

"Ìgbàgbọ́ ni mo fi kọ ọ́."

"Ṣé mo ní kó o fi ìgbàgbọ́ kọ ọ́? Bíró ni mo fún ẹ!" Ohùn rẹ̀ ti gòkè, ẹni tó wà ní ìta ń gbọ́. "Bí oníbàárà bá ní kí n ka ọgọ́rùn-ún bọ́tìnì fún òun, ṣé mo lè ka àádọ́ta, kí n fi ìgbàgbọ́ kún un? Oṣù mẹ́rin, Dọ̀tun! Gbogbo ilẹ̀kùn tó wà nílùú yìí ni mo kàn! Chineke m! Ọmọ mi á wà nílé lọ́la nítorí pé ẹ ò lè kọ Rárá!"

"Nkoli, gbóhùn wálẹ̀."

"Mi ò gbé e wálẹ̀!"

Màmá ní kí wọ́n má pariwo mọ́ ọmọ òun. Nkolika ní kí Màmá má bínú, pé òun ń bọ̀ wá sórí tiwọn náà. Chinonso ti rí irú ẹ̀ rí. Ó mú bíró pupa kan jáde, ó gbé e sáàárín wọn. Ó ní òun ò ní fọ́ọ̀mù mìíràn, nọ́ńbà ló wà lára ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fa ìlà sórí èyí tí kì í ṣe òótọ́, kí wọ́n kọ òótọ́, kí bàbá ọmọ sì fọwọ́ sí i níbi kọ̀ọ̀kan tó bá ti ṣàtúnṣe. Bí wọ́n bá ṣe é tán kí aago mẹ́rin tó lù, òun á fún wọn ní ìwé náà lónìí.

Adédọ̀tun mọ òfin yẹn. Ní ọ́fíìsì rẹ̀, òun ló máa ń dá ìwé àwọn arúgbó padà nítorí pé wọ́n fagi lé ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò fọwọ́ sí i. Ó mú bíró pupa náà, kò sì rí ẹni tó máa bá jiyàn.

Gẹ̀ẹ́sì ni Chinonso ń sọ. Màmá ń gbọ́ díẹ̀, díẹ̀ ń kọjá lórí rẹ̀. Adédọ̀tun ní òun á máa túmọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ fún yín pé òun ni ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi: bí pásítọ̀ bá sọ gbólóhùn kan, òun á sọ mẹ́ta.

"Màmá," ni Chinonso wí, "ta ló ń wọ aṣọ fún ọmọ yìí láàárọ̀?"

Adédọ̀tun dìde dúró, ó ká ọwọ́ síwájú. "Màmá, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Wọ́n ní aṣọ ògo ni ọmọ yìí máa wọ̀ láyé."

"Àmín o!"

"She says amen," ni Adédọ̀tun sọ fún Chinonso.

Chinonso wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Àmín ló ń wọ aṣọ fún un?"

"Jókòó," ni Nkolika sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó jókòó. Òun fúnra rẹ̀ wá sún mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, ó ń bèèrè pé ta ló ń wọ aṣọ fún Ẹwà."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí..."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Orúkọ èèyàn ló ń bèèrè."

Màmá wo ògiri. Ó wo àjà.

"Èmi ni."

Bíró pupa fa ìlà. Rárá. Adédọ̀tun fọwọ́ sí i.

"Ta ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ?"

"Èmi ni. Ó máa ń da ọbẹ̀ sára bí mo bá fi í sílẹ̀."

"Ta ló ń bá a fọ eyín?"

"Èmi náà ni. Ṣé kí ẹnu ọmọ máa rùn ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ. Rárá, ìfọwọ́sí. Rárá, ìfọwọ́sí. Lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Màmá á kọ́kọ́ ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Adédọ̀tun á ní àmín, Nkolika á dúró kí àdúrà parí, á wá tún ìbéèrè náà bi wọ́n. Wọ́n dé ibi tó ń bèèrè bóyá ọmọ náà lè kun àwòrán láìjẹ́ kó kọjá ìlà. Ojú Nkolika tàn díẹ̀.

"Kò sí ìjà nínú èyí," ni ó wí. "Ó kun máńgòrò nílé-ìwé, ó gba ìràwọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ ní Bẹ́ẹ̀ ni."

Màmá wúkọ́.

"Màmá?"

"Ìràwọ̀ yẹn..." Màmá ń ká etí ìborùn rẹ̀. "Èmi ni wọ́n fún."

Adédọ̀tun gbé bíró kúrò lórí ìwé.

"Iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Ọmọ náà di kiréyọ̀n mú, èmi di ọmọ náà mú." Màmá tú etí ìborùn náà. Ó wá gbé orí sókè. "Tíṣà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dára gan-an."

Adédọ̀tun rọra túmọ̀ rẹ̀, Chinonso sì ni ẹ̀rín kọ́kọ́ pa. Ó gbé orí lé tábìlì, ó ń rín. Adédọ̀tun náà ò lè pa á mọ́ra. Nkolika bá wọn rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó kù dákẹ́, omi náà ò dá. Ìràwọ̀ yẹn ló mú lọ sí Ogbete, tó fi han gbogbo àwọn tó wà ní ìlà wọn, láti ọ̀dọ̀ olówùú títí dé ọ̀dọ̀ aláṣọ ìnulẹ̀. Ó dùn ún gan-an.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Màmá?"

"Ìgbà wo?" Ohùn Màmá lọ sílẹ̀. "O ń jáde láàárọ̀ kùtù. O ń wọlé nírọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, o ò tíì bọ́ bàtà tó o fi ń bi mí pé, 'Màmá, ṣé Ẹwà ṣe dáadáa lónìí?' Kí ni kí n sọ?"

Nkolika fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. Lẹ́yìn kọ́tìnì, igi kéékèèké ń wó lulẹ̀, Ẹwà ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń tò wọ́n.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n parí ìkọkàndínlógójì. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fagi lé. Méjìlá dúró lórí Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ sì ni méjèèjìlá: ó mọ ìgbà tí inú ẹlòmíràn ò dùn, ó lè kọ orin látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó máa ń bu fún ẹlòmíràn nínú ohun tó ń jẹ. Ọwọ́ ń ro Adédọ̀tun. Ó ku ẹyọ kan.

"Bí ọmọ yìí bá sọ nù lọ́jà," ni Chinonso wí, "ṣé ó lè sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ibi tó ń gbé?"

Nkolika túmọ̀ rẹ̀.

"Kò lè sọ nù," ni Màmá dáhùn kíá. "Ọwọ́ mi ló máa ń wà. Mi ò fi í sílẹ̀ rí."

Nkolika sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Chinonso mi orí, ó kọ nǹkan kan sínú ìwé tirẹ̀, ó sì bèèrè ohun tó kù tí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó bèèrè. Nkolika gbọ́ ọ, kò tètè túmọ̀. Ó gbá ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú ná.

"Ó ní, bí ẹ̀yin ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́, mà?"

Adédọ̀tun ti la ẹnu. Ó ń dúró de Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àmín ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Màmá jókòó síbẹ̀, ó ń wo kọ́tìnì tí wọ́n fà bo gíláàsì. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Chinonso fi fẹ́ gba fọ́ọ̀mù náà padà.

"Dọ̀tun."

"Mà."

"Fa ìlà sí i."

"Màmá, ẹyọ kan yìí, a lè fi í sílẹ̀ kó jẹ́ ti ìgbàgbọ́..."

"Mo ní fà á. Kọ Rárá." Ó fi ìka tẹ orí ìwé náà. "Má kọ ọ́ wẹ́wẹ́. Kọ ọ́ gàdàgbà, kó hàn. Ẹni tó máa di ọwọ́ ọmọ yìí mú lẹ́yìn mi, ó gbọ́dọ̀ rí i kà."

Adédọ̀tun kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i.